Imú pátákó SUP mi ń rì sínú ìgbì: rọ́kà mélòó, ikùn wo, kí n tó gé òmíràn?

Aláàjẹ_Tarkwa

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará òkun. Ẹjọ́ ni mo gbé wá.

Lọ́dún tó kọjá, mo fọwọ́ ara mi kan pátákó SUP kúkúrú, èyí tí èèyàn ń dúró lé, tó ń fi àjẹ̀ gun ìgbì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínṣì 2, ó fẹ̀ ní ínṣì 30, ó nípọn ní ínṣì 4¼, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi lítà 115. Èmi alára wọn kílò 82. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kúkúrú ni pé kò sí ọ̀nà mọ́tò tó dé Tarkwa Bay, etíkun wa ní Èkó níbí. Ọkọ̀ ojú omi la ń wọ̀, ọlọ́kọ̀ á sì ti máa fojú burúkú wo pátákó gígùn kó o tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbì tí mo ń gùn níbẹ̀ náà ń fọ́ nítòsí òkúta, pátákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10 kò ṣeé yí lójijì.

Lórí ọ̀sà, nígbà tí omi bá dákẹ́, pátákó yìí ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àmọ́ tó bá di àsìkò òjò, tí ìgbì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wọlé, ìgbì á kàn dìde lójijì, á nàró bí ògiri, imú pátákó á wọ omi ṣòòròṣò, èmi á sì fò kọjá lórí rẹ̀ bí àpò gààrí tó já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ọjọ́ tí imú kò bá sì rì, tí mo bá fẹ́ yí, ìrù á takú.

Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé rọ́kà, ìyẹn bí pátákó ṣe tẹ̀ sókè ní imú àti ìrù, tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń yára, mo bá jẹ́ kó tẹ́. Ikùn rẹ̀, ìyẹn abẹ́ tó ń kan omi, mo gbẹ́ ẹ wọnú bí àwo láti imú dé ìrù. Ní báyìí, mo ti ra fóòmù tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ yàrá òtútù. Kí n tó fi wáyà gbígbóná kàn án, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kàn fi rọ́kà kún un ni?

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé o ò fara pa?

Má tíì fi nǹkan kan kún nǹkan kan. Níbí lágbègbè Newquay, ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ rọ́kà kì í tán lẹ́nu wa, síbẹ̀ tó o bá bi èèyàn mẹ́wàá pé mélòó ni tiwọn, mẹ́sàn-án á sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo: "ínṣì 5." Ínṣì 5 níbo? Rọ́kà kì í ṣe nọ́ńbà kan, bí ikùn pátákó ṣe ń tẹ̀ bọ̀ láti imú dé ìrù ni. Pátákó méjì lè jọ ní ínṣì 5 ní ṣóńṣó imú, kí ọ̀kan ti máa rọra tẹ̀ bọ̀ láti iwájú ẹsẹ̀ rẹ, kí èkejì tẹ́ lọ gbọọrọ títí á fi ku ẹsẹ̀ bàtà kan, kó tó wá ṣẹ́ sókè lójijì bí imú bàtà Lárúbáwá. Èyí kejì yẹn, omi ló máa gún.

Torí náà, wọ̀n ọ́n wá fún wa. Da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àpótí méjì. Wá irin alumíníọ́mù gígùn tó gún régé, gbé e lé orí ikùn pátákó láti imú dé ìrù, kó fara kan àárín gbùngbùn, ìyẹn ínṣì 49, kí ó má dà sí iwájú, kó má dà sí ẹ̀yìn. Wá wọn àlàfo tó wà lábẹ́ irin níbi mẹ́rin: ṣóńṣó imú, ibi tó jẹ́ ínṣì 12 sí imú, ibi tó jẹ́ ínṣì 12 sí ìrù, àti ṣóńṣó ìrù. Tí o kò bá rí irin tó gùn tó bẹ́ẹ̀, rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ dọ́gba á ṣe é.

Sùúrù_Lérè

Ẹ má bínú o, kí ló dé tí ẹ ò kàn ra èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí? Ó ń ká bí ẹní.

Aláàjẹ_Tarkwa

@Sùúrù, mo ní ọ̀kan rí. Etí rẹ̀ rí roboto bíi táyà, kò sí ibi tó mú tó máa fi bu omi jẹ. Ó dáa lórí ọ̀sà. Nínú ìgbì, bí ẹni ń gun ẹní náà ni lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n Cornwall, ara le, ẹ ṣeun. Mo máa wọ̀n ọ́n lálẹ́ òní.

Káfíńtà_SanDiego

Kó tó wọ̀n ọ́n dé, ẹ jẹ́ kí n gbèjà rọ́kà tó tẹ́ díẹ̀, torí mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ máa bú u.

Pátákó tó tẹ́ kì í ti omi níwájú, ó ń gun orí omi ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Bob Simmons, agbẹ́pátákó kan, mú ìmọ̀ ọkọ̀ ayára wọ inú pátákó ní California níbí, ó ṣe wọ́n ní fífẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n tẹ́, wọ́n sì ń sáré kọjá gbogbo èyí tó wà nígbà náà. Yíyí ni kò rọrùn. Láti ìgbà náà, ohun kan náà la ṣì ń bá ara wa fà: ohun tó ń fún ẹ ní eré ló ń gba yíyí lọ́wọ́ ẹ.

Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ rọ́kà gbọ́, kó mú ṣíbí lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Fi ìka méjì mú ìdí ṣíbí kó máa rọ̀ dirodiro, kí o sún ẹ̀yìn rẹ̀ tó wú kan omi tó ń ṣàn. Omi ò ní tì í dànù, ńṣe ló máa fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni rọ́kà ìrù ṣe ń ṣe. Ìrù tó tẹ̀ ń jẹ́ kí omi fa ẹ̀yìn pátákó sílẹ̀, imú á gbé, o sì lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí i. Tó bá pọ̀ jù, ìwọ àti omi á máa fa ara yín títí ìgbì á fi kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ tiwa tí a ń dúró tù tún yàtọ̀ sí ti ẹni tó dùbúlẹ̀. A ti wà lórí ìdúró kí ìgbì tó dé, gbogbo ìwọ̀n wa wà lókè, ẹsẹ̀ méjèèjì wà láàárín pátákó. Tí ìgbì bá nàró, àfi ká tètè gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Kí ẹsẹ̀ yẹn tó dé ibi tó ń lọ, imú nìkan ló ń jà fún ẹ.

Aláàjẹ_Tarkwa

Mo ti wọ̀n ọ́n o. Ṣóńṣó imú, 4½. Ínṣì 12 sí imú, 1¼. Ínṣì 12 sí ìrù, ½. Ṣóńṣó ìrù, 1¾.

Bàtà Lárúbáwá tí ẹ̀gbọ́n sọ ló wà lórí àpótí nílé mi yìí.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Láti ínṣì 1¼ bọ́ sí 4½ láàárín ẹsẹ̀ bàtà kan! Kò sí ìgbì tó máa dárí ji ìyẹn.

Àmọ́ ohun mìíràn ń kọ mí lóminú. Àwòṣe pláíwúùdù tí o fi gé fóòmù, mélòó lo kọ sí i ní ṣóńṣó imú? Ìgbà wo lo sì wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, ṣé kó o tó gbẹ́ ikùn ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Aláàjẹ_Tarkwa

Ínṣì 5 ló wà lórí àwòṣe. Mo wọ̀n ọ́n nígbà tí mo gé e tán, 5 ló jẹ́. Mi ò wọ̀n ọ́n mọ́ lẹ́yìn tí mo gbẹ́ ikùn, mo rò pé irọ́ ni irin tuntun yìí ń pa.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Irin ò purọ́. Kòtò ikùn rẹ jìn tó ìdajì ínṣì láàárín, àbí?

Tó o bá da pátákó dojú dé, àárín ni òkè rẹ̀. Ìgbà tó o gbẹ́ òkè yẹn lọ ní ìdajì ínṣì, tí o kò fi bẹ́ẹ̀ kan ṣóńṣó imú, o sọ àárín kalẹ̀, imú sì dúró síbi tó wà. Ìdajì ínṣì rọ́kà lo fi ìfági gbá dànù láìmọ̀. Lọ wọn etí rẹ̀ báyìí, níbi tí o kò gbẹ́, wàá rí i pé ínṣì 5 rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí ikùn wíwọnú wà fún náà nìyẹn: rọ́kà méjì nínú pátákó kan. Àárín á tẹ́ kó lè sáré, etí á tẹ̀ kó lè yí nígbà tó o bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn ún gùn tí ó bá mọ níwọ̀n. Ìdajì ínṣì ti pọ̀, àti pé kò yẹ kó dé imú rárá. Imú tó wọnú bí àwo ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú omi rúdurùdu, etí rẹ̀ méjèèjì á sì máa kó sómi. Imú fẹ́ ikùn pẹrẹsẹ, tàbí èyí tó wú díẹ̀ bí ẹ̀yìn ọwọ́, kí omi lè rí ọ̀nà gbà kọjá.

Ọmọ_Agbẹ́kọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Ìlàjẹ ni mí, Àyétòrò ni wọ́n ti bí mi, níbi tí òkun ti gbé lára ilẹ̀ wa lọ. Mi ò mọ SUP, ọkọ̀ ni bàbá mi ń gbẹ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, ohùn bàbá mi ni mò ń gbọ́.

Ọkọ̀ ojú ọ̀sà, ìdí rẹ̀ máa ń tẹ́, torí ẹrù àti ibi tí omi kò ti jìn. Ọkọ̀ tí wọ́n máa fi ré ìgbì kọjá lọ sójú agbami, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ ọ̀sà wọ òkun, kó tó ré ìgbì kejì á ti máa fi igbá gbọ́n omi. Arákùnrin Aláàjẹ, ọkọ̀ ọ̀sà lo kàn.

Bàbá mi kì í fi rúlà wọn nǹkan kan. Ó máa ń lọ dúró jìnnà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á sì máa wo ìlà ìdí ọkọ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i. Bí ibì kan bá wú tàbí tí ó jìn, òjìji á jẹ́wọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè lòun ti ń wò ó wá, bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, tí àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà_SanDiego

Ọmọ_Agbẹ́kọ̀, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere tó bá ti lọ, tó bá ṣì wà, bá mi kí i. Nǹkan tó ń ṣe yẹn làwa ń fi gílóòbù gígùn méjì ṣe nínú yàrá dúdú. A máa ń so wọ́n mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, kí iná wọn má ju ibi tí pátákó ga dé lọ púpọ̀. Iná tó bá ti òkè wá ń bo àṣírí.

Ọmọ_Agbẹ́kọ̀

Ó wà láyé o. Ó ní kí n sọ fún yín pé gílóòbù ò tó oòrùn.

Aláàjẹ_Tarkwa

Mo ti wá ń lóye rẹ̀. Ó dáa, ìrù ńkọ́? Pátákó mi fẹ̀ ní ínṣì 30, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn níṣòó ni.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Fi V sí i. Láti ibi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ lọ, jẹ́ kí àárín ikùn máa yọ síta díẹ̀díẹ̀ bí òrùlé ilé tí wọ́n dà dojú dé, kó yọ tó ¼ ínṣì níwájú lẹbẹ tó wà lábẹ́ ìrù. Pátákó á ní ibi tó fi máa yí gbirigbiri láti etí kan bọ́ sí èkejì. Pátákó tí kò fẹ̀ lè ṣe é láìsí V. Tìrẹ ò lè ṣe é.

Káfíńtà_SanDiego

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò fara mọ́ ọn tán. V ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dípò kó tì í sẹ́yìn, ó sì ń jẹ eré. Tí ìrù bá fẹ̀ jù, kó dín ìrù kù. Kó fá a kó tín-ín-rín láti ẹsẹ̀ bàtà kan sí òpin, ó ti parí. Ìgbì Tarkwa kò gùn bíi ti California tí èèyàn á ní àyè láti tún eré wá.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Tó bá fá ìrù tán, kí ló máa gbé kílò 82 dúró nígbà tó bá ń dúró de ìgbì? Pátákó náà wọn kílò 8 tàbí 9 fúnra rẹ̀. Nínú lítà 115, ohun tó ṣẹ́kù kò tó 30. Gé ìrù kúrò lára ìyẹn, omi á ti bo kókósẹ̀ rẹ̀ kí ìgbì tó dé. Ẹni tó ń dúró kò lè fi ìrù tọrẹ bí ẹni tó ń dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín. V náà kó wà, kí ó sì gbẹ́ ọ̀nà kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, tí kò jìn ju ⅛ ínṣì lọ. Àwọn ọ̀nà yẹn á kó omi tí V bá dà nù padà sẹ́yìn.

Káfíńtà_SanDiego

Ìyẹn, mo gbà. Àmọ́ kó dín fífẹ̀ ìrù kù ní ínṣì kan náà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Ínṣì kan, mo fún ẹ.

Dókítà_Fáíbà

Mo kàn fẹ́ gba ẹnì kan lọ́wọ́ ohun tó ṣe mí. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ṣe yàrá òtútù yẹn, epoxy nìkan ni rẹ́sìnnì tó gbà. Rẹ́sìnnì pọliẹ́sítà tí àwọn panẹ́lì fi ń lẹ bọ́ńpà mọ́tò, mo da á lé e lórí lọ́jọ́ kan nítorí owó. Mo yíjú wá búrọ́ọ̀ṣì, mo yíjú padà, kòtò ti lu láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń hó ṣìì bí ẹni din àkàrà. Fóòmù tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́.

Epoxy náà fẹ́ ọgbọ́n nínú ooru tiwa. Má fi aṣọ fáíbà bò ó láàárọ̀ nígbà tí oòrùn ń gun òkè bọ̀. Atẹ́gùn inú fóòmù ń wú bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná, á máa ti ihò kéékèèké jáde láti abẹ́ fáíbà. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o ṣe é, nígbà tí ooru ń rọlẹ̀, ńṣe ni fóòmù á máa fa rẹ́sìnnì mọ́ra. Kó o sì fi ihò ìmí kékeré tó ní ìdérí onísukúrúù sókè rẹ̀, kí o má bàa fi í sínú oòrùn kí awọ rẹ̀ bó.

Aláàjẹ_Tarkwa

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mi ò fi dá sí i, ẹ má bínú. Mo ti gé e.

Ínṣì 5¾ ni mo kọ sórí àwòṣe ní ṣóńṣó imú, torí mo mọ̀ pé mo ṣì máa fi ¼ ṣòfò nígbà tí mo bá gbẹ́ ikùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, irin sọ pé 5½ ní ṣóńṣó, 2¾ ní ínṣì 12 sí imú. Lẹ́yìn, 1¼ ní ínṣì 12, 2½ ní ṣóńṣó ìrù. Ikùn imú tẹ́. Ibi tó ku ínṣì 20 kó dé ṣóńṣó imú ni kòtò ti bẹ̀rẹ̀, ó jìn jù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ní ¼ ínṣì, ó wá rọra di V àti ọ̀nà méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú lẹbẹ. Mo mú ínṣì kan kúrò lára ìrù fún @Káfíńtà.

Kò sí gílóòbù gígùn nílé, iná ò sì dúró. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀, mo di ojú kan bíi ti bàbá Ọmọ_Agbẹ́kọ̀. Òjìji kan dùbúlẹ̀ lápá òsì, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ibi tí mo rò pé ó ti dán. Mo fi ọwọ́ pa á, ọwọ́ ò mọ nǹkan kan. Ojú nìkan ló rí i. Ìṣẹ́jú ogún ni mo fi sáńpépà lé e kí ó tó lọ.

Ọmọ_Agbẹ́kọ̀

Bàbá ti gbọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Aláàjẹ_Tarkwa

Mo ti gbé e wọ omi láàárọ̀ àná. Ìgbì kẹta ló ga jù, ó dìde lójijì bíi ti tẹ́lẹ̀, mo ti ń múra láti fò. Imú sọ̀ kalẹ̀, omi gun orí pátákó wá kan ìka ẹsẹ̀ mi iwájú, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, imú sì gbé jáde. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kọ̀ tó ń kó èrò fi rò pé mò ń pè é.

Ó fi díẹ̀ lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà tí mo ń tù ú jáde, èmi náà gbà. Àmọ́ ohun kan wà: ó ti ń yí báyìí, ṣùgbọ́n tí mo bá yí i pẹ̀lú agbára, ìrù á yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tẹ ewédú. Ṣé V ti pọ̀ jù ni? Àbí lẹbẹ mi? Mẹ́ta ni mo fi sí i.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

O ṣeun, àbúrò, inú mi dùn púpọ̀. Má tíì fọwọ́ kan lẹbẹ. Ìgbà tó o ń parí rẹ̀, etí ìrù lápá ìsàlẹ̀, ṣé o jẹ́ kó mú, àbí o fi sáńpépà pa á roboto?

Aláàjẹ_Tarkwa

Mo pa á roboto. Fáíbà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ igun tó mú, ó ń ṣí.

Ìyá_Ìgbì_Cornwall

Roboto yẹn ni omi ń yí gbà, tí kò jẹ́ kó já. Imú àti àárín, kí wọ́n rí roboto. Ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tó gbẹ̀yìn, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. O ò ní í tú nǹkan kan. Da ojú rẹ̀ délẹ̀, lẹ téèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ etí ìrù kó yọ sókè díẹ̀ kọjá ikùn bí ògiri kékeré, da epoxy tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí ògiri yẹn, kó gbẹ mọ́jú. Tó o bá ṣí téèpù, wàá fi sáńpépà lórí igi tó tẹ́ fá a títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kó o fi èyí tó kúnná kàn án lẹ́ẹ̀kan péré.

Aláàjẹ_Tarkwa

Téèpù wo, ẹ̀gbọ́n?

Dókítà_Fáíbà

Èyí tí àwọn apọ̀dà mọ́tò ń lò. Má lo sẹ́lótéèpù, mo ti lò ó rí.